Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ Apààrọ̀-Afẹ́fẹ́ Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó ṣe okùnfà iṣẹ́ yìí ni àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi láti tú sí èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé náà dá lórí bí onílé ṣe lè yan ẹ̀rọ tí ó ń lé afẹ́fẹ́ àlòkù jáde kúrò nínú ilé, tí ó sì ń fa afẹ́fẹ́ titun wọlé, láìjẹ́ kí ooru ilé bá afẹ́fẹ́ àlòkù lọ. Níbi tí òǹkọ̀wé ti lo ọ̀rọ̀ náà "sizing", mo kọ "títóbi ẹ̀rọ". Mo fi iṣẹ́ náà han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fi í ránṣẹ́. Nígbà tí ó kà á tán, ó ní, "Àbúrò mi, ó ti yé mi. Èyí tí ó bá tóbi jù lọ ni kí á rà." Ohun tí ìwé náà ń sọ kọ́ nìyẹn, ohun tí ó ń kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe gan-an ni. Kì í ṣe pé òye ẹ̀gbọ́n mi kù díẹ̀ káàtó; ọ̀rọ̀ tí mo lò ni ó ṣì í lọ́nà.

Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sí àní-àní mọ́ pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990, ti fi ọ̀nà hàn wá nínú ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún wa nípa àwọn ẹ̀rọ tí ènìyàn ń bá gbé inú ilé kan náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ apààrọ̀-afẹ́fẹ́ ń ṣe, a ó dábàá orúkọ fún oríṣi rẹ̀ méjèèjì, a ó sì fi àpẹẹrẹ oníṣirò hàn bí a ṣe ń mọ èyí tí ó bá ilé kan mu. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ tọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ sọ́nà kí ó tó na owó rẹ̀.

2. Ìdí tí ẹ̀rọ yìí fi wà

Nínú agbo-ilé àtijọ́ tí ó ní àgbàlá láàárín, tí èéfín ń gba orí òrùlé jáde, afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò ẹ̀rọ fún un. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973, àwọn ènìyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di gbogbo ihò ara ilé wọn pa kí ooru tí wọ́n fi owó rà má baà jò dànù. Ní 1977, ní ìlú Regina ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n kọ́ ilé kan tí a mọ̀ sí Saskatchewan Conservation House. Harold Orr wà lára àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é. Ilé náà dì pinpin tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ṣe ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tí yóò máa pààrọ̀ afẹ́fẹ́, tí yóò sì máa fi ooru afẹ́fẹ́ tí ń jáde yá afẹ́fẹ́ tí ń wọlé. Ní 1991, àwọn ará Jámánì ṣe irú rẹ̀ sínú àwọn ilé kan ní Darmstadt, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ìdí ìlànà ilé tí kì í jẹ ooru púpọ̀ múlẹ̀.

Bí a bá di ilé pa tí a kò sì pààrọ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà lọ. Èémí ènìyàn, omi ìwẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ àti aṣọ tútù tí a sá sínú yàrá, gbogbo wọn ni ó ń fi omi kún afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá kan ògiri tí ó tutù, omi rẹ̀ á sẹ̀ sí ara ògiri, èéhù dúdú á sì hù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2020, ọmọ ọlọ́dún méjì kan kú ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ sọ pé èéhù inú ilé tí ọmọ náà ti ń mí símú fún ìgbà pípẹ́ ni ó fa àìsàn èémí tí ó pa á. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni òfin titun ti de àwọn tí ń fi ilé ìjọba àti ti ẹgbẹ́ aláàánú háyà, pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún ilé tí ọ̀rinrin àti èéhù rẹ̀ léwu ṣe láàárín àkókò tí òfin dá. Ìwé tí ó ń ṣe àlàyé irú nǹkan báyìí fún àwọn ìdílé Yorùbá kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣinilọ́nà nínú.

3. Orúkọ ẹ̀rọ náà

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni ó wà. Nínú ìkínní, afẹ́fẹ́ àlòkù àti afẹ́fẹ́ titun ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọkàn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n abala tín-ín-rín kan là wọ́n láàárín. Wọn kò dàpọ̀; ooru nìkan ni ó ń gba ara abala yìí kọjá láti ọ̀dọ̀ èyí tí ó gbóná sọ́dọ̀ èyí tí ó tutù. Nínú ìkejì, abala náà jẹ́ irú èyí tí ọ̀rinrin pẹ̀lú lè gbà kọjá. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìkínní ní "heat recovery ventilator", wọ́n sì ń pe ìkejì ní "energy recovery ventilator".

Ọ̀nà tí ó yá jù ni pé kí á tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí á pe ìkejì ní "ẹ̀rọ agbagbára-padà". Ìṣòro méjì ni a rí nínú èyí.

(a) Ọ̀rọ̀-orúkọ náà "agbára" ní ìtumọ̀ púpọ̀. Lóòótọ́ ni àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì wa ń lò ó fún ohun tí ń mú iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn, agbára iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ẹ̀rọ agbagbára-padà" lè rò pé ẹ̀rọ náà ń pèsè iná. Kò pèsè iná rárá. Iná ni ó ń jẹ láti fi yí fáànù rẹ̀.

(b) Ọ̀rọ̀-ìṣe náà "gbà padà" ń tọ́ka sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun tí ó jẹ́ tèmi tí ó ti lọ ni mo ń gbà padà. Ní ìgbà òtútù, ó bá a mu, nítorí pé ooru ilé ni a ń gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí ń jáde. Ṣùgbọ́n bí òde bá gbóná tí inú ilé sì tutù, ooru òde ni ẹ̀rọ náà ń lé padà síta. Kò sí ohun tí onílé gbà padà níbẹ̀.

Nítorí náà ni a fi fara mọ́ "dá padà". Bí mo bá dá ẹrù padà, ibi tí ẹrù náà ti wá ni mo dá a padà sí, ìbáà ṣe inú ilé, ìbáà ṣe òde. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan yìí kó ọ̀nà méjèèjì. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- kún un, a ó ní:

(1) ẹ̀rọ apààrọ̀-afẹ́fẹ́ adá-ooru-padà
(2) ẹ̀rọ apààrọ̀-afẹ́fẹ́ adá-ooru-òun-ọ̀rinrin-padà

Orúkọ kejì gùn, a gbà. Ṣùgbọ́n ó sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì jáde gbangba, èyí tí "agbára" fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí á tún ṣàkíyèsí pé "ooru" fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú èdè wa: a ń lò ó fún ìgbóná, a sì ń lò ó fún ohun tí ń rú jáde lẹ́nu ìkòkò tí ó ń hó. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, ìgbóná nìkan ni kí á fi "ooru" pè. "Ọ̀rinrin" ni kí á lò fún omi inú afẹ́fẹ́.

Èyí ràn wá lọ́wọ́ láti ya oríṣi ooru méjì sọ́tọ̀. Èyí tí ohun èlò ìwọ̀n ìgbóná ń fi hàn ni a pè ní ooru afarahàn. Èyí tí omi gbé mì nígbà tí ó di ọ̀rinrin, tí ohun èlò náà kò lè fi hàn, ni a pè ní ooru afarasin. Kò kéré o: kí kílógíráàmù omi kan tó di ọ̀rinrin ní ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá, yóò gba nǹkan bí 2,450 kílójúùlù. Ẹ̀rọ (1) ń dá ooru afarahàn padà. Ẹ̀rọ (2) ń dá afarahàn àti afarasin padà.

4. Kí ni "ìwọ̀nbámu"?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣì mí lọ́nà. "Títóbi" ń sọ bí nǹkan ti rí lójú. A lè sọ títóbi àpótí ẹ̀rọ láìmọ ilé tí a ó gbé e sí. "Ìwọ̀n" sàn jù ú, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa pé nǹkan méjì ni a ń fi wé ara wọn. Iṣẹ́ tí a ń sọ yìí dà bí iṣẹ́ télọ̀. Télọ̀ kì í béèrè pé aṣọ wo ni ó tóbi jù. Ó ń wọn èjìká àti apá ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò gé aṣọ kí ó lè bá a mu. Bákan náà ni àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti inú "wọ̀n" àti "bá mu", a dábàá:

(3) ìwọ̀nbámu: wíwọn ohun tí ilé àti àwọn ará ilé nílò, kí á tó yan ẹ̀rọ tí yóò bá a mu.

Ohun tí a sì ń wọ̀n ni ìwọ̀n ìṣàn afẹ́fẹ́, èyí ni iye lítà afẹ́fẹ́ tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe gígùn àpótí, kì í sì í ṣe iye owó rẹ̀.

5. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ inú ilé náà jẹ́ mítà 96 níbùú-lóòró. Ó ní yàrá ìbùsùn mẹ́ta, ilé-ìdáná kan, ilé-ìwẹ̀ kan àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Baba, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ni ó ń gbé ibẹ̀. Ìyá ìyàwó sì ti ti Ìbàdàn wá láti bá wọn wẹ ọmọ titun. Ènìyàn méje ni wọ́n.

Ìlànà ìkọ́lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé titun, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021, fi ọ̀nà ìṣirò méjì lélẹ̀, pé kí á sì lo èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú wọn:

(4) (a) Nípa ilẹ̀: lítà 0.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá fún mítà níbùú-lóòró kọ̀ọ̀kan. 96 ní ìlọ́po 0.3 jẹ́ 28.8.
(b) Nípa yàrá ìbùsùn: lítà 19 fún yàrá kan, 25 fún méjì, 31 fún mẹ́ta, 37 fún mẹ́rin, 43 fún márùn-ún. Ti ilé yìí jẹ́ 31.

31 pọ̀ ju 28.8 lọ, nítorí náà, ilé yìí kò gbọdọ̀ gba ohun tí ó kéré sí lítà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlànà náà tún sọ pé nígbà tí a bá ń dáná tàbí tí a bá ń wẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè fa lítà 13 láti ilé-ìdáná, 8 láti ilé-ìwẹ̀ àti 6 láti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 27, kò sì ju 31 lọ.

Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí ASHRAE ní ìlànà tiwọn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 62.2. Wọ́n ń ṣe àròpọ̀ ilẹ̀ àti ènìyàn:

(5) lítà 0.15 fún mítà níbùú-lóòró kọ̀ọ̀kan, àti lítà 3.5 fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Iye yàrá ìbùsùn tí a fi ení kún ni wọ́n fi ń ka ènìyàn.

Nínú ilé tiwa, èyí jẹ́ 14.4 àti 14, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 28.4. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rin ni ìṣirò yìí kà, nítorí pé yàrá mẹ́ta ni ó rí. Ìlànà kan náà sọ pé bí a bá mọ̀ pé ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí á fi lítà 3.5 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó lé. Ènìyàn mẹ́ta ni ó lé: èyí jẹ́ 10.5. Àpapọ̀ wá di 38.9, tí a lè pè ní 39.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ nìkan ṣe ìṣirò yóò ra ẹ̀rọ lítà 29. Ẹni tí ó ka àwọn ará ilé yóò mọ̀ pé 39 ni wọ́n nílò. Ilé Yorùbá kì í sábà ṣófo, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ "ará ilé" fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìtumọ̀ ìwọ̀nbámu tí a fún yín ní (3).

6. Ìṣirò ooru àti ewu àṣejù

Kí lítà afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, ó nílò nǹkan bí wáàtì 1.2. Bí òde bá jẹ́ 5°C, tí inú ilé sì jẹ́ 20°C, ìyàtọ̀ jẹ́ 15. Nítorí náà:

(6) 39 × 1.2 × 15 = wáàtì 702.

Èyí ni ooru tí ilé yóò máa pàdánù bí a bá kàn ṣí fèrèsé fún afẹ́fẹ́ iye bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì-wákàtí 17. Bí ẹ̀rọ bá ń dá ìdá 80 nínú 100 padà, wáàtì 562 yóò padà sínú ilé, 140 péré ni yóò lọ. Afẹ́fẹ́ titun yóò wọ yàrá ní 17°C dípò 5°C. Ìdá tí ó padà yìí ni a dábàá pé kí á máa pè ní ìpín ìdápadà.

Ní báyìí, kí á gbà pé wọ́n tẹ̀lé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí kà nínú iṣẹ́ mi, tí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fa lítà 120, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Pẹ̀lú ìpín ìdápadà kan náà, ooru tí yóò lọ jẹ́ wáàtì 432, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta 140 lọ. Afẹ́fẹ́ ilé yóò gbẹ jù ní ìgbà òtútù, ètè àti ọ̀nà-ọ̀fun yóò máa gbẹ. Ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ titun sùn. Ohun tí ó sì máa ń kẹ́yìn irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan yóò pa ẹ̀rọ náà, tàbí kí ó fi aṣọ di ẹnu ihò rẹ̀. Nígbà náà ni èéhù tí a ń sá fún yóò padà wá. Ẹ̀rọ tí ó tóbi jù àti èyí tí ó kéré jù, ibì kan náà ni wọ́n ń mú ènìyàn dé.

7. Ohun tí nọ́ńbà orí páálí kò sọ

Iye tí a kọ sí ara páálí ẹ̀rọ lè jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí kò sí ohun kankan tí ó dí i lọ́wọ́. Nínú ilé, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú páìpù, kí ó ṣẹ́rí ní igun, kí ó sì gba inú asẹ́ tí ń gba eruku. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a pa pọ̀ pè ní ìdènà ọ̀nà-afẹ́fẹ́, Páskáàlì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìdènà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìṣàn ń dín kù. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kí òǹrajà bi òǹtajà kì í ṣe "Lítà mélòó ni?" nìkan, bí kò ṣe "Lítà mélòó ni, nígbà tí ìdènà bá jẹ́ Páskáàlì mélòó?" Ó dára kí ẹ̀rọ lè pèsè 39 wa láìsáré tán, kí ààyè ṣì wà fún ìgbà tí àlejò bá pọ̀ tàbí tí a bá ń dín àkàrà.

Lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba. Yàrá ìbùsùn àti pálọ̀ ni a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ titun sí. Ilé-ìdáná, ilé-ìwẹ̀ àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ti ń fa àlòkù. Èyí ni a pè ní ìbádọ́gba ìṣàn. Bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tútù yóò máa gba ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé láìgba inú ọkàn ẹ̀rọ kọjá, ooru rẹ̀ kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a padà.

8. Ilé wo ni ó yẹ ẹ̀rọ wo?

Ní Regina, níbi tí òtútù ti ń mú ju ti yìnyín lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ òde gbẹ gan-an ní ìgbà òtútù. Níbẹ̀, ẹ̀rọ (2) wúlò fún ilé tí ènìyàn kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń dá díẹ̀ nínú ọ̀rinrin ilé padà. Ní Peckham, nínú ilé ènìyàn méje tí ọ̀rinrin ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ (1) ni ó sábà bá a mu, kí omi lè bá afẹ́fẹ́ àlòkù lọ. Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Òde ni ó gbóná tí ó sì kún fún ọ̀rinrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ẹ̀rọ (2) ni a nílò níbẹ̀, kí ó lè dá púpọ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin òde padà síta. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbólóhùn yìí kò bá ti ṣeé sọ bí a bá ti yan "gbà padà".

Ní ti ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú méjèèjì tí ó ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀.

9. Àkójọ èdè-ìperí

afẹ́fẹ́ àlòkù: afẹ́fẹ́ tí a ti mí, tí a ti dáná nínú rẹ̀, tí ó yẹ kí ó jáde.
asẹ́: ohun tí ń gba eruku nínú ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ tàbí kí á pààrọ̀ rẹ̀.
ìbádọ́gba ìṣàn: kí iye tí ń wọlé bá iye tí ń jáde dọ́gba.
ìdènà ọ̀nà-afẹ́fẹ́: gbogbo ohun tí ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nínú páìpù àti asẹ́.
ìpín ìdápadà: ìdá ooru tí ẹ̀rọ dá padà nínú gbogbo ooru tí ìbá ti lọ.
ìwọ̀n ìṣàn afẹ́fẹ́: iye lítà tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
ìwọ̀nbámu: wíwọn àìní ilé àti ará ilé kí á tó yan ẹ̀rọ.
ooru afarahàn: ooru tí ohun èlò ìwọ̀n ìgbóná ń fi hàn.
ooru afarasin: ooru tí ó wà nínú ọ̀rinrin.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ atúmọ̀ èdè kò parí síbi wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ àjòjì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe. Mo ti tún ìwé pélébé náà kọ. Níbi tí mo ti kọ "títóbi ẹ̀rọ", "ìwọ̀nbámu ẹ̀rọ" ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Mo tún fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé kí n ka ìyá mọ́ wọn?" Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ẹlẹgbẹ́ wa bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí tí a dábàá lọ, kí wọ́n mú un wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹnì kan kà, kí wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè tí yóò bi wọ́n.